Èékánná Tí Onítáìsì Bá Mi Lẹ̀

"Ọlọ́run kọ́ o, èmi ni!" Ohun tí àbúrò yín, ọkọ mi, sọ nìyẹn, Ẹ̀gbọ́n. Níwájú ọ̀gá mi, níwájú kọ́sítọ́mà tó fẹ́ ra òrùka ìgbéyàwó, ó la ẹnu gbàgà, ó ní Ọlọ́run kọ́. Ẹ jẹ́ kí n jókòó ná. Rárá, mi ò mu omi. Ẹ má sì bínú pé mi ò fi "wọ́n" kún ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe. Látọjọ́ tí mo ti wọ ilé yín, "wọ́n" ni, wọ́n ti jẹun, wọ́n ti sùn, wọ́n ń bọ̀. Lónìí, "ó" ni. Ó sọ ọ́, ó bà á jẹ́, ó sì tún délé jẹun bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Ọjọ́ tí mo bá gba àyè mi padà níbi iṣẹ́, n óò dá "wọ́n" rẹ̀ padà fún un.

Ẹ̀yin lẹ tọ́ ọ. Ẹ̀yin lẹ pọ̀n ọ́n, ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ pé kó máa sọ òótọ́. Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ ò rántí kọ́ ọ pé òótọ́ náà ní ibi tí wọ́n ti ń sọ ọ́ ni?

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ẹ̀ kó lè yé yín. Ẹ mọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta òrùka góòlù ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ohun tí ẹ ò mọ̀ ni pé yàrá ẹ̀yìn ni mo wà látọdún yìí wá. Yàrá ẹ̀yìn ò ní fèrèsé. Ibẹ̀ la ti ń fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì kékeré fọ òrùka tí ọwọ́ èèyàn ti dọ̀tí, ibẹ̀ la ti ń so páálí pélébé tí iye owó wà lára rẹ̀ mọ́ ọn, èèyàn á dorí kodò títí ọrùn á fi le gbagidi. Iwájú ni kántà wà. Àga tó wà ní kántà ní tìmùtìmù, ẹ̀rọ atẹ́gùn dojú kọ ọ́, àwọn tó ń wọlé sì máa ń kí ẹni tó jókòó síbẹ̀ pé "Ẹ káàárọ̀ mà." Ẹni náà ló máa ń ki òrùka bọ ìka ara rẹ̀ kí kọ́sítọ́mà lè rí bó ṣe máa rí lọ́wọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, Ẹ̀gbọ́n, àní iṣẹ́ ọwọ́ gan-an. Wọn ò wo ojú ẹ, wọn ò bi ẹ́ léèrè ìwé. Ọwọ́ ẹ ni wọ́n ń wò.

Ọwọ́ tèmi wá ńkọ́? Ṣé ẹ rántí ìgbà tí àbúrò yín ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ táìsì, tó ń lẹ òkúta pẹlẹbẹ sí ilẹ̀ ilé, tí kò sí ẹnì kankan tó ń bá a ṣe é? Ta ló ń po símẹ́ǹtì? Ta ló ń fi ọwọ́ lásán ra símẹ́ǹtì funfun sí àárín táìsì, tó tún ń fi kànìnkànìn nù ún lẹ́yìn rẹ̀, lórí ìkúnlẹ̀, láti iyàrá dé iyàrá? Èmi ìyàwó rẹ̀ ni! Símẹ́ǹtì jẹ èékánná mi bí eku ṣe ń jẹ páálí. Ó jẹ ẹ́ débi pé nígbà tí mo kúrò níbẹ̀ tí mo wá iṣẹ́ tèmi, kò hù dáadáa mọ́. Tó bá hù díẹ̀, á là. Tó bá là, á ṣẹ́. Bí mo bá ń gba nǹkan lọ́wọ́ èèyàn, mo máa ń ká ìka mi wọnú. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ní iṣẹ́ ọkọ mi ni, kò sóhun tó burú níbẹ̀.

Hẹn-ẹ́n, mò ń bọ̀ níbẹ̀, ẹ má kán mi lójú.

Ẹni tó wà ní kántà tẹ́lẹ̀, Ṣọ́bìrì là ń pè é. Kì í ṣe èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ o, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bá a. Èékánná rẹ̀ ló fa orúkọ náà. Ó gùn, ó kùn ún ní pupa, ó lẹ òkúta wínníwínní mọ́ ọn tó ń kọ mànà. Tó bá ti ki òrùka bọ̀ ọ́, tán, ẹ ò ní rí òrùka mọ́. Lọ́jọ́ kan obìnrin kan wọlé, ó tẹjú mọ́ ọwọ́ Ṣọ́bìrì, kò gbójú kúrò. Màdáámù, ọ̀gá wa, ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́ pé ọjà ti tà. Àfi bí obìnrin náà ṣe ní, "Ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ ti ṣe èékánná yìí?" Ṣọ́bìrì júwe ibẹ̀ fún un. Ó dúpẹ́ gan-an, ó sì gba ibẹ̀ lọ tààrà. Kò bèèrè òrùka kankan.

Ìyẹn ló bí Màdáámù nínú. Ó pe gbogbo wa jọ, ó ní ó tó gẹ́ẹ́. Ó ní ọwọ́ tó mọ́ lòun ń fẹ́ ní kántà, èékánná tó kúrú, tó ń dán níwọ̀nba, bí Ọlọ́run ṣe dá a. Ẹni tó bá ní irú ẹ̀ nínú wa, tí Mọ́ńdè bá ti dé, òun ló máa jókòó síbẹ̀. Gbogbo wa wo ọwọ́ wa. Èmi kó tèmi sápò.

Mo wá lọ ra èékánná àlẹ̀mọ́. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fajú ro. Kì í ṣe irú ti Ṣọ́bìrì. Mo fara balẹ̀ yàn án ni. Mo mú èyí tó kúrú, tí àwọ̀ rẹ̀ bá ti ara mi mu, tí ìdí rẹ̀ funfun díẹ̀ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Ohun tí mò ń wá ò pọ̀: kó lẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì mọ̀ pé lílẹ̀ ló lẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn fún mi. Kí ẹnikẹ́ni má mọ̀! Ṣé ó le? Ṣé ó ju ohun tí obìnrin lè tọrọ lọ?

Mo jókòó ti fèrèsé lọ́sàn-án Sátidé, mo bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ òsì ò fún mi ní wàhálà púpọ̀, ọwọ́ ọ̀tún ló dójú ìjà. Ṣé ẹ ti fi ọwọ́ òsì ṣe nǹkan wẹ́wẹ́ rí? Gọ́ọ̀mù kán sórí tábìlì. Gọ́ọ̀mù kán sí aṣọ. Ìka mi kan lẹ̀ mọ́ èkejì, mò ń fà á, ó ń fà mí. Bẹ́ẹ̀ ni àbúrò yín ṣe ti ibi iṣẹ́ wọlé bá mi. Kò kí mi. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ọwọ́ mi síbi ìmọ́lẹ̀, ó ní, "Ta ló ṣe iṣẹ́ yìí fún ẹ?"

Ẹ mọ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Kò sí èyí tó máa débi iṣẹ́ tí kò ní kọ́kọ́ bú ẹni tó ti ṣe é ṣáájú. Mo ní èmi ni mo ṣe é. Ó ní, "Ó hàn."

Ó yọ bàtà ẹ̀. Ó fọ ọwọ́ ẹ̀ títí dé ìgbọ̀nwọ́. Ó bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ó ní kí n ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó ṣí gbogbo èyí tí mo ti lẹ̀ kúrò, ó ní ilẹ̀ ò mọ́ mo ti ń lẹ nǹkan sí i. Ẹ gbọ́ o, èékánná mi ló ń pè ní ilẹ̀. Ó fi igi tínínrín ti awọ ìdí rẹ̀ sẹ́yìn. Ó fi fáìlì, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń họ èékánná, họ ọ́ lójú fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, ó ní gọ́ọ̀mù kì í di ohun tó ń yọ̀ mú. Ó fi sípíríìtì nù ún, ó ní kí n má fi kan ara mi, kí n má fi kan orí mi, kí n má fi kan nǹkan kan. Mo ní ṣé kí n máa mí? Ó ní kí n rọra mí.

Ó wá to gbogbo èékánná náà sórí ìka mi láìtíì fi gọ́ọ̀mù sí i, ó ń wò ó láti ọ̀ún, ó ń wò ó láti ìhín. Èyí tó fẹ̀ ju ìka lọ, ó fá ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Ó ní àárín yàrá lèèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀, ló bá bẹ̀rẹ̀ láti ìka àárín. Ó ki igi ìṣáná sáàárín ìka mi kí wọ́n má baà kan ara wọn. Nígbà tó wo gọ́ọ̀mù inú páálí, ó yọ ṣùtì. Ó dìde, ó lọ gbé tirẹ̀ wá nínú àpò iṣẹ́, èyí tí wọ́n fi ń lẹ òkúta mọ́ ògiri. Mo ní tó bá fi kan ọwọ́ mi, ọ̀dọ̀ yín ni mò ń sá bọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ló bá gbé e padà. Ṣùgbọ́n kò dùn mọ́ ọn.

Bó ṣe ń lẹ̀ ẹ́, ó ń fi ìdí rẹ̀ lélẹ̀ ṣáájú, ó ń tẹ̀ ẹ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀ kí atẹ́gùn lè jáde, á wá dì í mú pinpin, á di èémí tirẹ̀ náà mú. Tó parí, mo rò pé ó ti tán. Ó gbé ṣíbí. Ó fi ìdí ṣíbí kan èékánná kọ̀ọ̀kan, ko, ko, ko, ó dẹ etí sí i. Ó ní táìsì tí atẹ́gùn bá wà lábẹ́ rẹ̀, ó máa ń dún lọ́tọ̀. Ẹ̀gbọ́n, ọkọ mi ń gbọ́ ohùn èékánná! Ìka kékeré ò dún bó ṣe fẹ́, ó ṣí i, ó tún un lẹ̀. Ó wá ní kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀ ẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Òun ló dáná. Òun ló fọ abọ́. Mo fẹ́ mu omi, ó gbé ife sí mi lẹ́nu bí ọmọ ọwọ́.

Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rín in dáadáa, kò tíì kan ibi ẹkún.

Ká má parọ́ mọ́ ọn, ó dára. Ó dára ju bí mo ṣe rò lọ. Èmi tí mo mọ̀, mo gbàgbé. Mo ń wo ọwọ́ mi nígbà tí mo bá ń ṣílẹ̀kùn. Ó sì ra ìbọ̀wọ́ rọ́bà fún mi, ó ní mi ò gbọdọ̀ fọ nǹkan kan láìwọ̀ ọ́, mi ò gbọdọ̀ débi símẹ́ǹtì, mi ò gbọdọ̀ fi ṣí agolo. Láyé mi, ẹnikẹ́ni ò tíì tọ́jú ọwọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo rò pé èmi ló ń tọ́jú. Mi ò mọ̀ pé iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣọ́.

Mọ́ńdè dé. Màdáámù ní ká gbọ́wọ́ wa sórí kántà. Ó wo ti gbogbo èèyàn, ó dé ọ̀dọ̀ mi, ó dúró. Ó ní, "Ìwọ? Yàrá ẹ̀yìn ni ọwọ́ yìí wà látọjọ́ yìí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà. Mi ò parọ́, ọwọ́ mi ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Ó ní kí n lọ jókòó. Ẹ̀gbọ́n, mo jókòó sórí tìmùtìmù yẹn, atẹ́gùn fẹ́ sí mi lọ́rùn, ẹnì kan wọlé, ó ní "Ẹ káàárọ̀ mà." Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Mo sì ń tajà! Ọkùnrin kan wá ra òrùka fún ìyàwó ẹ̀, ó rí i lọ́wọ́ mi, ó ní kí n má wulẹ̀ mú òmíràn jáde, èyí náà ni.

Ayé mi rọ̀ṣọ̀mù. Ẹ wò ó, ká ní wọ́n fi mí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ǹ bá má tọrọ nǹkan mìíràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bàjẹ́, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kọ́kọ́rọ́ ilé ni mo gbàgbé. Àbúrò yín mú un wá fún mi. Ó ṣeun. Kó kàn gbé e fún mi kó máa lọ, ṣùgbọ́n ó dúró wo ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù náà, ẹ mọ̀ ọ́n, kò lè wọlé kan kó má wo ilẹ̀. Ọkọ àti ìyàwó àfẹ́sọ́nà kan wà níwájú mi, wọ́n fẹ́ yan òrùka. Mo ti ki ọ̀kan bọ ìka. Màdáámù wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gbé ọwọ́ mi sókè, ó ní, "Ẹ wo òrùka lórí ọwọ́ tí wọn ò fi nǹkan kan kùn. Ẹ wo èékánná. Ọlọ́run nìkan ló lè parí iṣẹ́ báyìí."

Mo gbọ́ tí ẹnì kan wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Mo ṣẹ́jú sí i. Mo mi orí. Mo fi ojú bẹ̀ ẹ́, Ẹ̀gbọ́n, mo fi gbogbo ojú tí mo ní bẹ̀ ẹ́! Ó yọ fìlà. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ fún Màdáámù. Ó ní, "Ẹ má bínú mà. Ọlọ́run kọ́ o, èmi ni."

Màdáámù ní, "Ìwọ wo? Kí lo ṣe?" Ó ní òun ni ọkọ mi, iṣẹ́ táìsì lòun ń ṣe, òun lòun lẹ èékánná náà. Ó wá gba ọwọ́ mi lọ́wọ́ Màdáámù, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó ń fi ìdí ẹ̀ hàn wọ́n níbi tó ti pàdé awọ. Ó ní kí wọ́n wá ibi tó ti là. Ó ní wọn ò ní rí i. Ó fi kọ́kọ́rọ́ ilé kàn án, ko, ko, ó ní, "Ẹ gbọ́? Kò sí atẹ́gùn lábẹ́ ẹ̀." Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín wo? Eyín ni mo kàn ṣí síta. Mo ní kí ilẹ̀ lanu. Ilẹ̀ ò lanu, àbúrò yín ló dẹ̀ máa sọ fún yín pé wọ́n lẹ ilẹ̀ náà dáadáa.

Ọkọ àfẹ́sọ́nà náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó fínnífínní, ó ní iṣẹ́ yìí mọ́ o. Ó ní ilẹ̀ ilé-ìwẹ̀ àwọn ń ṣí, ṣé àbúrò yín lè bá àwọn wò ó? Wọ́n gba nọ́ńbà fóònù lọ́wọ́ ara wọn. Wọ́n bára wọn bọwọ́. Wọ́n jáde, wọn ò ra òrùka, àbúrò yín tẹ̀ lé wọn lọ wo ilé-ìwẹ̀. Ó tiẹ̀ juwọ́ sí mi.

Màdáámù ò pariwo. Ì bá pariwo, ì bá sàn. Ó kàn wò mí, ó ní, "Bí èékánná ẹni tó ń ta góòlù bá jẹ́ àlẹ̀mọ́, kí ni kọ́sítọ́mà máa sọ pé góòlù jẹ́?" Ó ní kí n máa padà sí ẹ̀yìn. Ṣọ́bìrì ti gé tirẹ̀ kúrú, òun ló wà lórí tìmùtìmù báyìí. Tó bá gbé òrùka wá fún mi láti fọ̀, á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Táìsì." Orúkọ tí mò ń jẹ́ níbi iṣẹ́ nìyẹn báyìí.

Mo délé, mo bú u. Mi ò ní purọ́, mo bú u títí ẹnu fi ro mí. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ tèmi ni ẹnu àbúrò yín mú ọ̀ràn bá! Ṣé ẹ mọ ohun tó sọ? Ó ní ṣé kí òun máa wò ó kí wọ́n gbé iṣẹ́ òun fún ẹlòmíràn ni? Mo ní, "Ọlọ́run ni ẹlòmíràn?" Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá ti yàtọ̀ sí òun, ẹlòmíràn ni. Ó ní gbogbo ilé tí òun ti ṣe, agbaṣẹ́ṣe ni wọ́n ń yìn, wọ́n á dúró lórí ilẹ̀ tí òun tẹ́, wọ́n á máa wo gílóòbù òkè. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni òun gbọ́ tí wọ́n ń yin iṣẹ́ òun létí òun, òun ò sì lè pa á mọ́ra.

Àánú ẹ̀ ṣe mí. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ṣe mí, àbúrò yín ni, ọkọ mi ni. Ṣùgbọ́n ẹ má bá a wá àwíjàre o! Àánú ò ní kí n má wà ní yàrá ẹ̀yìn.

Mo wá ní kí n ṣí i kúrò, ó tán náà. Mo bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, mo fi ọṣẹ sí i, mo fi òróró díẹ̀ sí i, mo jókòó tì í. Kò tètè ṣí, iṣẹ́ ẹ̀ dára, ẹ ti gbọ́. Nígbà tó ṣí, Ẹ̀gbọ́n, mo lahùn. Èékánná mi wà lábẹ́ ẹ̀! Tèmi! Ó ti hù. Ìbọ̀wọ́ tí mò ń wọ̀, símẹ́ǹtì tí mi ò débẹ̀, ó ti rọra hù dé orí ìka láìsí ẹni tó yọ ọ́ lẹ́nu. Kò gún tó ti inú páálí, èyí yà díẹ̀, tọ̀hún tẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò là, kò ṣẹ́. Mo sunkún. Mo jókòó ti abọ́ omi yẹn, mo sunkún bí ọmọdé.

Lọ́jọ́ kejì mo sáré lọ bá Màdáámù. Mo tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sórí kántà. Mo ní mo ti ṣí tọ̀hún, tèmi rèé, bí Ọlọ́run ṣe dá a. Ó mú awò tí wọ́n fi ń yẹ góòlù wò, ó fi sójú. Ó wo ìdí ẹ̀. Ó fi èékánná tirẹ̀ họ ọ́ létí. Ó di ọ̀kan mú, ó fà á. Ẹ̀gbọ́n, ó fà á! Mo ní yéè! Ó tún fà á. Kò ṣí. Ó yọ awò kúrò lójú, ó mi orí, ó ní, "Èyí tún lẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọkọ ẹ ń mọ̀ ọ́n ṣe sí i."

Kí lẹ wí? Mo búra! Mo fi gbogbo ohun tó ń jẹ́ ìbúra búra. Mo ní ara mi ni, mo ní ẹ wo bó ṣe ń dùn mí. Ó ní bí òun ṣe kọ́kọ́ gbọ́ nìyẹn, pé ara mi ni. Ó wá ní, ẹ gbọ́ èyí o, ó ní kí n lọ mú ọkọ mi wá, kó wá fẹnu ara ẹ̀ sọ pé òun kọ́ ló ṣe é. Ó ní tó bá sọ ọ́, òun á gbà, n óò sì padà sí kántà. Ó ní nínú ilé wa, ọkọ mi nìkan ni òun mọ̀ tí kì í parọ́.

Èmi! Èmi tí mò ń fọ góòlù látàárọ̀ dalẹ́ tí òrùka kan ò sọnù rí! Òun ni kì í parọ́. Ẹni tó fọ́ ilé ló wá di ẹlẹ́rìí.

Mo gbé ìtìjú tà, mo lọ bá a. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi sọ fún Màdáámù pé ẹ̀yin kọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, mo fi "ẹ" sí i, ọ̀ràn ò mọ ẹni tó ń bínú. Mo rò pé á ṣagídí. Ó gba ọwọ́ mi, ó wò ó láti ọ̀ún, ó wò ó láti ìhín. Ó ní, "Èyí? Kí n wá sọ pé èmi kọ́? Ìyẹn ò le rárá. Ta ló fẹ́ kí wọ́n rò pé òun ló ṣe irú èyí?"

Ẹ rẹ́rìn-ín tán, Ẹ̀gbọ́n, mò ń dúró.

Ó ní ìka kejì ò bá ìkẹta dọ́gba. Ó ní èyí fẹ̀ lápá kan. Ó ní òun á mú Màdáámù gba orí ẹ̀ kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan kó lè rí àléébù ẹ̀, kí ọ̀rọ̀ náà lè dá a lójú pé ẹni tó mọṣẹ́ ò lè ṣe é. Ó ti lọ aṣọ. Ó ti gbé igi ìwọ̀n ẹ̀ dání, èyí tó ní omi nínú, tó fi ń wò bóyá ilẹ̀ tẹ́jú. Ó wà lẹ́nu géètì yín níta yẹn, ó ń retí mi, ṣọ́ọ̀bù là ń lọ báyìí. Tó bá dúró níwájú Màdáámù àti Ṣọ́bìrì, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àléébù ọwọ́ mi, ta ló máa jẹ́ kí n jókòó ní kántà lẹ́yìn ìyẹn? Òótọ́ á tún lé mi padà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kejì!

Nítorí náà ẹ dìde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ bàtà yín. Ẹ bá wa lọ. Mi ò ní kí ẹ sọ̀rọ̀, ẹ kàn dúró tì í. Bó bá ti sọ pé òun kọ́, àní bí ọ̀rọ̀ yẹn bá ti jáde báyìí, kí ẹ di etí ẹ̀ mú, kí ẹ fà á jáde. Èmi ò lè fà á, ìyàwó kì í fa etí ọkọ níta, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ fọ etí yẹn nígbà tó wà ní ìkókó, kò sí ẹni tó máa bi yín. Ẹ fà á kíákíá, kó tó débi àtàǹpàkò. Òun ló wọ́ jù nínú wọn, mo mọ̀, òun ni mo fi ń tẹ símẹ́ǹtì rẹ̀. Tó bá fi ẹnu ẹ̀ sọ pé àtàǹpàkò yìí wọ́, Ẹ̀gbọ́n, mo fi Ọlọ́run ṣẹ̀rí, n óò sọ ẹni tó jẹ́ kó wọ́.